Sí Fúnmi, lórí iṣẹ́ tí o ní o fẹ́ fi sílẹ̀

Manchester

Fúnmi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ sì tún kú ewu ọmọ. Ṣé ara Màmá ti le? Ìbùkún ọmọ wa ńkọ́? Mo gbọ́ gbogbo ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, títí kan èyí tí o sunkún nínú rẹ̀. Mi ò fèsì lójú ẹsẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí kọjá ohun tí èèyàn ń fi ìkánjú sọ láàárín iṣẹ́ alẹ́ méjì.

Owó ti wọ àkáǹtì rẹ láàárọ̀ yìí, ₦150,000. Kì í ṣe owó ṣọ́ọ̀bù tí o béèrè kí o lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mi ò ní fi owó ṣọ́ọ̀bù ránṣẹ́, mo sọ ọ́ fún ọ lójúkojú kí o má bàa máa retí rẹ̀. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ọjà Ọba ń jókòó ju wákàtí mẹ́sàn-án lọ lóòjọ́, kò sẹ́ni tó ń san owó ìsinmi fún un, ọmọ á sì wà nínú ooru pẹ̀lú rẹ̀. Ìwọ mọ ìṣirò owó, o fẹ́ràn rẹ̀ láti kékeré, ìdánwò ICAN rẹ, ti ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó, sì kù díẹ̀ kó parí. Ohun tí owó yìí wà fún ni kí o lè padà sẹ́nu iṣẹ́ kí ọmọ má jìyà, kí ìwọ náà má sì wó lulẹ̀. Kò gbọdọ̀ wọnú gbèsè ìkómọ. Ṣé o gbọ́ mi?

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi iṣẹ́. O ní ọ̀gá yín fún ọ ní ọ̀sẹ̀ 12, ó sì ní kò sí àyè fún ẹni tí yóò máa fún ọyàn lásìkò iṣẹ́. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, abala 54, sọ pé obìnrin tó ń tọ́ ọmọ lọ́yàn ní ẹ̀tọ́ sí ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ nínú àsìkò iṣẹ́. Nítorí náà, má lọ bẹ̀bẹ̀. Kọ lẹ́tà, ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ tí o máa wọlé. Kọ ọjọ́ náà síbẹ̀, kọ àsìkò méjèèjì (aago mẹ́wàá ààbọ̀ àti aago kan ààbọ̀ yóò bá ọ mu), kí o sì béèrè fún yàrá kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì. Yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí ti tó. Má gbà kí wọ́n tọ́ka ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí ọ. Oúnjẹ ọmọ ni o ń pèsè. Dá ẹ̀dà kan pa mọ́ sílé.

Ohun tí o máa rà nìyí: pọ́ǹpù tí wọ́n fi ń fún omi ọyàn, èyí tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ tàbí èyí tó ń lo bátìrì, kó má di pé NEPA ló máa pinnu oúnjẹ ọmọ, kúlà kékeré kan tó le dáadáa, ike kékeré mẹ́fà tó ní ìdérí, àti pílásítà tí o máa kọ ọjọ́ àti aago sí lára ike. Bí o bá fẹ́ ra pọ́ǹpù, wo ẹnu rẹ̀. Orí ọyàn gbọ́dọ̀ máa lọ máa bọ̀ nínú rẹ̀ láìfara gbo ike. Bó bá ń gbo ó, á bó, ìwọ á sì rò pé pọ́ǹpù ló burú. Áìsì kò ní jẹ́ ìṣòro: píọ́ wọ́tà dídì lọ́wọ́ ẹni tó ń ta nǹkan tútù, mẹ́rin tàbí márùn-ún, ti tó kúlà náà.

O ní àwọn kan sọ pé o gbọ́dọ̀ kó omi ọyàn oṣù kan sínú fìrísà kí o tó padà síṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀, kò sì bọ́gbọ́n mu níbi tí iná kì í dúró. Tòní ni ọmọ á mu lọ́la. Ti ọjọ́ méjì nìkan ni kí o ní nílẹ̀ kí o tó wọlé. Ọmọ tó ti pé oṣù kan títí dé oṣù mẹ́fà ń mu nǹkan bí 750 ml láàárín òru àti ọ̀sán, kì í sì í pọ̀ sí i púpọ̀ bó ṣe ń dàgbà, nítorí náà má jẹ́ kí àwọn tó ń tọ́jú ọmọ máa sọ fún ọ lóṣooṣù pé kò tó. Bí o bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ láago méje ààbọ̀, tí o padà láago mẹ́rin ààbọ̀, 300 sí 360 ml ni o nílò. Pín in sí ike 60 sí 100 ml, kí èyí tó bá ṣẹ́ kù má pọ̀. Èyí tí ọmọ bá ti fi ẹnu kàn kò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ, kí ẹ dà á nù.

Láàárọ̀ ọ̀la ni kí o bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí ọmọ bá mu ti ìdájí tán, fọ ọwọ́, fi ìka ra ọyàn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí o wá fún omi ọyàn jáde fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. 30 ml péré lè jáde. Má bara jẹ́, ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tán ni. Bí o bá ń ṣe é lójoojúmọ́, ara á mọ̀ pé àfikún ń bẹ láti ṣe. Ọyàn kò dà bí ìkòkò tí omi ń tán nínú rẹ̀. Bí a bá ṣe ń fún un tó ló ṣe ń pọ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí fífo àsìkò níbi iṣẹ́ fi ń pa á: ọyàn á kún, á le, ara á sì dín èyí tó ń ṣe kù. Bí o bá rí ibi tó le tó sì pọ́n, tí ibà bá tẹ̀ lé e, máa fún ọmọ lọ bó ṣe máa ń mu, fi aṣọ tútù lé e, bí kò bá rọ̀ láàárín wákàtí 24, ilé ìwòsàn ni. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Nínú kúlà tí áìsì rẹ̀ ṣì le, omi ọyàn lè wà fún wákàtí 24. Lórí tábìlì, wákàtí mẹ́rin ni, níbi tí ooru kò bá ju 25°C lọ. Ọ̀sán Akúrẹ́ sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ má gbé e sílẹ̀ rárá. Tí ẹ bá fẹ́ mú un lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ gbé ike náà sínú abọ́ omi gbígbóná. Kò gbọdọ̀ kan iná. Ife kékeré ni kí wọ́n fi fún un mu, ó rọrùn láti fọ̀ ju fídà lọ. Kí ọkọ rẹ tàbí Màmá kọ́kọ́ dán an wò ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ìwọ má sí nínú yàrá. Bó bá ń gbóòórùn rẹ, kò ní gbà á.

Ka ibí yìí fún Màmá.

Màmá, ẹ kúnlé o. Mo mọ̀ pé inú ẹ kò dùn sí mi nítorí ọ̀rọ̀ àgbo. Ẹ̀yin lẹ tọ́ wa, mi ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n Ìbùkún kò gbọdọ̀ mu omi, kò gbọdọ̀ mu àgbo, títí á fi pé oṣù mẹ́fà. Nínú omi ọyàn, ohun tó ju 85 lọ nínú 100 ló jẹ́ omi lásán, òùngbẹ kò lè gbẹ ẹ́. Omi tí ẹ bá fún un ń gba àyè oúnjẹ nínú ikùn tó kéré, ó sì lè gbé ìgbẹ́ gbuuru wọlé. Àwọn nọ́ọ̀sì Ilé Ìwòsàn Ìyá àti Ọmọ tó wà níbẹ̀ yóò sọ ohun kan náà fún yín. Ẹ tún ní mo ń sọ̀rọ̀ báyìí torí pé abiyamọ ń sinmi fún ọdún kan níbí. Ìsinmi 52 ọ̀sẹ̀ wà lóòótọ́, 39 ni owó wà fún, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ owó náà kò sì tó san ilé. Púpọ̀ nínú àwọn tí mò ń gbẹ̀bí fún níbí kò ní ìyá tó lè bá wọn gbé ọmọ. Fúnmi ní yín. Ẹ bá mi dúró tì í.

Fúnmi, ó ku ìwọ fúnra rẹ. Ẹkún tó ń dé láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn ìbí máa ń lọ fúnra rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. O ti wà ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Ìdí nìyẹn tí ẹkún yẹn fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Dá mi lóhùn, má fi nǹkan kan pa mọ́: ṣé ohun tó máa ń dùn mọ́ ọ ṣì ń dùn mọ́ ọ? Bí ọmọ bá sùn, ṣé ìwọ náà ń rí oorun sùn, àbí ńṣe ni ojú rẹ ń là kalẹ̀? Ṣé o ń dá ara rẹ lẹ́bi láìnídìí? Ṣé ó ti wá sí ọ lọ́kàn rí pé kí o pa ara rẹ tàbí ọmọ lára? Bí ìdáhùn sí èyí tó kẹ́yìn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ọkọ rẹ gbé ọ lọ sílé ìwòsàn lónìí, kì í ṣe lọ́la. Bó bá jẹ́ nínú àwọn tó kù ni ìṣòro wà, lọ rí dókítà láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Àìsàn gidi ni, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìmoore fún Ọlọ́run. Oògùn wà fún un tí abiyamọ lè lò láìdá ọyàn dúró. Kí pásítọ̀ gbàdúrà, ó dára, ṣùgbọ́n kí ẹ ti ọ̀dọ̀ dókítà dé.

Oorun: wákàtí mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni kò jí ọ, lójoojúmọ́. Fún ọmọ lọ́yàn láago mẹ́sàn-án alẹ́, kí o lọ sùn. Títí di aago kan òru, ọkọ rẹ ló ni ọmọ, òun ló ni ike láti fọ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn ìyẹn, fún un ní ọyàn lóru bó bá ti fẹ́. Ọyàn òru ló ń jẹ́ kí ti ọ̀sán má gbẹ. Ṣé Bàbá Ìbùkún ti gbà? Àbí ìwọ ni kò tíì sọ fún un?

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò ní sọ fún ọ: àwọn tó ní ẹni tó ń fọ́mọ lọ́yàn kì í lóyún, ìdajì òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọmọ kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà, tí nǹkan oṣù kò tíì padà, tí ọmọ sì ń mu ọyàn ní tààrà, láìjù wákàtí mẹ́rin lọ lọ́sàn-án àti mẹ́fà lóru. Ọjọ́ tí o bá padà síṣẹ́ ni ààbò yẹn ti jò. Lọ sí ibi ìfètòsọ́mọbíbí kí o tó wọlé. Èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá, abẹ́rẹ́, tàbí èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, kò sí èyí tó ń ba omi ọyàn jẹ́. Egbòogi oníhòmónù méjì tí wọ́n ń gbé mì, tó ní ẹ́sítírójìn nínú, ni kí o yẹra fún báyìí, torí ó lè dín omi ọyàn kù. Ọdún méjì ni kí ara fi sinmi kí oyún mìíràn tó dé.

Ní ti ICAN, má yọ orúkọ rẹ. Oṣù kọkànlá ni. Fi wákàtí kan ka ìwé láàárọ̀ Sátidé àti Sọ́ńdè nígbà tí Màmá bá gbé ọmọ pọ̀n, kí o sì fi àárín ọ̀sẹ̀ sílẹ̀ fún oorun títí Ìbùkún á fi bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ. Owó ìdánwò náà, èmi ni máa san án, yàtọ̀ sí èyí tí mo fi ránṣẹ́. Sọ iye rẹ̀ fún mi.

Ya fọ́tò lẹ́tà tí o máa kọ sí ọ̀gá yín sí mi kí o tó fún un, kí n bá ọ wò ó. Ṣùgbọ́n ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè mẹ́rin yẹn ni kí o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Bí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, pè mí, mà á gbé e.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Adébímpé