Wo Ibi Tí Wọ́n Ń Gbà Jáde

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo mọ̀ pé mi ò dá ọ lóhùn bó ṣe yẹ nígbà tí o pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. "Ó dáa, ó dáa" nìkan ni mò ń sọ. Má rò pé ọ̀rọ̀ rẹ kò ká mi lára o. Àyà mi ló já. Ká ní mo la ẹnu lọ́jọ́ yẹn, igbe ni ì bá jáde, ìwọ náà ì bá sì pa fóònù rẹ. Lẹ́tà dára ju ìyẹn lọ. O lè kà á, kí o bínú, kí o jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì, kí o tún padà wá mú un.

O ní o ti rí àwọn tó fẹ́ràn rẹ láìgba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. O ní kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo wọn ti mọ orúkọ rẹ, pé wọ́n ń dì mọ́ ọ, pé ẹnì kan tilẹ̀ sunkún nígbà tí o sọ ìtàn ayé rẹ fún wọn. O ní ẹ máa lọ sí àgọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, wọn ò sì ní í lo fóònù níbẹ̀. Lẹ́yìn náà lo wá sọ gbólóhùn kan tó gba oorun lójú mi. O ní "àwọn tó ṣì ń sùn" kò lè lóye rẹ. Ọmọ mi, èmi ni mo kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Gbólóhùn yẹn kì í ṣe tìrẹ. Ẹlòmíì ló fi sí ọ lẹ́nu.

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọ́n ti fi irú rẹ̀ sí èmi náà lẹ́nu rí. Bàbá rẹ mọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́ fún ìwọ rí. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà tí mo wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo lò níbẹ̀.

Wọ́n dì mọ́ èmi náà. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ó dùn mọ́ mi. Ìfẹ́ yẹn kì í sì í ṣe ẹ̀tàn lọ́dọ̀ àwọn tó ń fún mi. Nígbà tó yá, èmi náà di ẹni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń dì mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tọkàntọkàn ni mo sì fi ń ṣe é. Ohun tó jẹ́ kó ṣòro láti rí òtítọ́ nìyẹn. Èèyàn rere ni wọ́n fi ń pe èèyàn rere wọlé.

Olúkúlùkù wa ní ìwé kékeré kan. Tèmi ní èèpo àwọ̀ ewé. Lálaalẹ́, kí a tó sùn, a ní láti kọ gbogbo iyèméjì tó bá wá sí wa lọ́kàn lọ́jọ́ náà sínú rẹ̀, wọ́n ní ìwẹ̀nùmọ́ ni. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, a ó kó àwọn ìwé náà sínú apẹ̀rẹ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà yàrá aṣáájú wa. Mi ò bi ara mi léèrè rí pé kí ló ń fi wọ́n ṣe.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi kan níbẹ̀ kọ ọ́ sínú tirẹ̀ pé òun kò mọ ibi tí owó tí à ń dá ń wọlé sí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìpàdé ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbé àga kan sáàárín, wọ́n ní kó jókòó sórí rẹ̀. Aṣáájú ka ohun tó kọ sókè ketekete. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí a máa dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sọ àìsàn tó ń ṣe ọkàn rẹ̀. A tó ọgbọ̀n nínú yàrá yẹn. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni a bẹ̀rẹ̀, ọ̀gànjọ́ kọjá ká tó ṣe tán.

Àbẹ̀kẹ́, èmi náà dìde. Mo sọ fún un lójú gbogbo èèyàn pé ìgbéraga ló ń dà á láàmú. Ẹni tó bọ́ kúbùsù rẹ̀ fún mi nígbà tí ara mi ò yá, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń gbọ̀n mọ́jú! Ó kàn wò mí ni. Kò bínú. Wọ́n lé e lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì ní a kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ mọ́.

O máa ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò sí nínú fọ́tò ìsìnkú ìyá mi. Mo máa ń sọ fún ọ pé mo rin ìrìn àjò. Irọ́ ni mo pa fún ọ, jọ̀wọ́ dárí jì mí. Ẹgbẹ́ yẹn ni mo wà. Ìyá mi kọ lẹ́tà pé àwọn ń ṣàìsàn, pé àwọn fẹ́ rí mi. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn tí lẹ́tà náà dé ni wọ́n tó fún mi, wọ́n sì ti ṣí i kà. Aṣáájú wa ní okùn ẹ̀jẹ̀ ni okùn tó le jù láti já, pé ìdánwò mi ló dé yẹn. Mo já okùn náà. Nígbà tí lẹ́tà kejì fi máa tẹ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ti sin ìyá mi.

Ẹni tó gbé inú ilé náà rí ló ń bá ọ sọ̀rọ̀.

Mi ò ní bá ọ jà lórí ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Kò sí ẹ̀sìn tí kì í ṣe tuntun nígbà kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ayé sì fi ṣẹ̀sín nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Èèyàn lè jókòó ṣe àṣàrò láti àárọ̀ dalẹ́, ó lè máa retí àlejò láti ojú sánmà, kó sì jẹ́ ọmọlúàbí tó ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, tó sì ń pe ìyá rẹ̀. Eileen Barker, onímọ̀ nípa àwùjọ ní London, lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu ìwádìí nípa ìjọ tí Sun Myung Moon, ọmọ Korea kan, dá sílẹ̀, nígbà tí gbogbo èèyàn ń sọ pé wọ́n ń yí àwọn ọ̀dọ́ lórí bí ẹni fún wọn ní oògùn mu. Ohun tó rí ni pé èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn kò dara pọ̀ mọ́ wọn rárá, àti pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dara pọ̀ ló fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde. Mo rọ̀ mọ́ ìwádìí yẹn. Ó ń sọ fún mi pé ọpọlọ rẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ.

Ṣùgbọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé e pé ọ̀mọ̀wé ni ọ́. Ní ọdún 1984, Shoko Asahara bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn èèyàn díẹ̀ ní yoga ní Tokyo. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ẹ̀sìn rẹ̀, Aum Shinrikyo, ti wá. Onímọ̀ físíìsì, onímọ̀ kẹ́míkà àti dókítà wà lára àwọn tó tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹta, ọdún 1995, wọ́n tú gáàsì olóró tí wọ́n ń pè ní sarin sínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Tokyo. Ó lé ní èèyàn mẹ́wàá tó kú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló sì fara pa. Dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn wà lára àwọn tó gbé oró náà wọ ọkọ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn ṣáájú ìyẹn. Ní ọdún 1989, ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ wọn ní òun fẹ́ lọ. Wọ́n pa á. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n pa agbẹjọ́rò kan tó ń ran àwọn òbí lọ́wọ́ láti rí ọmọ wọn gbà, wọ́n pa á pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn tí kò tíì pé ọdún méjì. Ẹni tó bá fojú sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó fẹ́ jáde ì bá ti mọ irú ẹgbẹ́ tí wọ́n jẹ́, ọdún mẹ́fà kí oró tó dé inú ọkọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Jonestown, ní Guyana. Jim Jones, tí àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ń pè ní Bàbá, kó wọn kúrò ní Amẹ́ríkà lọ sínú igbó. Wọ́n gba ìwé ìrìnnà wọn. Wọ́n ń ka lẹ́tà wọn. Nígbà tí Leo Ryan, aṣòfin láti Amẹ́ríkà, wá wò wọ́n ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1978, orin àti ijó ni wọ́n fi kí i káàbọ̀. Ẹnì kan ló dọ́gbọ́n ti bébà kékeré kan sí ọwọ́ oníròyìn tó bá a wá, pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n ran òun lọ́wọ́ láti kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ 18, bí àwọn tó fẹ́ bá Ryan lọ ṣe dé ibi tí bàálù wà, àwọn ọmọlẹ́yìn Jones yìnbọn pa Ryan. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó lé ní 900 èèyàn tó kú, májèlé ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ó lé ní 300 ọmọdé nínú wọn. Àwọn tó fẹ́ lọ kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ nínú ẹgbẹ̀rún èèyàn. Bàbá kò lè fara da ìwọ̀nba díẹ̀ yẹn.

Ìdí nìyí tí mi ò fi bi ọ́ pé kí ni wọ́n ń sìn. Gbogbo ilé ló ń tún iwájú ṣe. Ibi tí wọ́n ń gbà jáde ni kí o lọ wò.

Béèrè lọ́wọ́ wọn ta ló ti kúrò láàárín wọn rí, kí o sì wo ojú wọn bí wọ́n bá ń dáhùn. Bí wọ́n bá ní ọ̀dàlẹ̀ ni gbogbo wọn, tàbí aláìsàn ọpọlọ, wá ọ̀kan nínú wọn kàn, kí o gbọ́ tẹnu rẹ̀. Sọ fún wọn pé ọjọ́ mẹ́ta lo fẹ́ lò ní àgọ́, kì í ṣe mẹ́wàá. Sọ pé fóònù rẹ máa wà lọ́wọ́ rẹ. Béèrè ẹni tó ń ka owó, àti ẹni tó ń yẹ ìwé owó náà wò. Ẹgbẹ́ tó ń ṣe dáadáa lè bínú díẹ̀, wọ́n á sì dá ọ lóhùn. Bí wọ́n bá dá ìbéèrè rẹ dúró, tí wọ́n wá ń wá àìsàn sí ọ lọ́kàn nítorí pé o béèrè, àga àárín yàrá yẹn ló ń bọ̀. Kí o sì máa sùn dáadáa, má fojú kéré èyí. Wákàtí mẹ́rin là ń sùn lóru, mi ò sì mọ̀ nígbà náà pé ẹni tí oorun ń kùn máa ń gbà sí gbogbo nǹkan.

Má sì dúró de ọjọ́ tí àsọtẹ́lẹ̀ wọn á kùnà. Àwa náà ní ọjọ́ tí à ń retí. Ọjọ́ náà dé, ó kọjá, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Mo rò pé gbogbo wa máa palẹ̀ ẹrù wa mọ́. Aṣáájú jáde ní ìdájí, ó ní àdúrà wa ló sún un síwájú, ni a bá bú sí ayọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo kà nípa ẹgbẹ́ kan nítòsí Chicago tó ń retí ìkún omi ní ọjọ́ 21, oṣù Kejìlá, ọdún 1954. Leon Festinger, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, rán àwọn èèyàn wọ àárín wọn láti wo ohun tí wọ́n máa ṣe. Omi kò dé. Aṣáájú wọn ní ìgbàgbọ́ wọn ló gba ayé là, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ilé ìwé ìròyìn. Mo sunkún nígbà tí mo kà á, nítorí ohùn wa ni mò ń gbọ́. Ẹni tó ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀, tó ti kọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ la ẹnu sọ pé asán ni?

Mi ò ní rán ẹnikẹ́ni wá fi agbára gbé ọ. Àwọn òbí kan ní Amẹ́ríkà ṣe bẹ́ẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, wọ́n sanwó kí wọ́n lè jí ọmọ wọn gbé, àwọn ọmọ kan sì padà síbẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Mi ò ní bú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Bí o bá lọ, máa pè mí. Bí o kò bá pè, èmi á máa kọ̀wé sí ọ.

O ò tíì gbọ́ bí mo ṣe jáde. Alẹ́ ọjọ́ tí mo ka lẹ́tà ìsìnkú yẹn ni. Mo ju ìwé èèpo àwọ̀ ewé mi sínú apẹ̀rẹ̀, mi ò kọ nǹkan kan sí i, mo sì rìn jáde pẹ̀lú aṣọ ọrùn mi. Ìtìjú kò jẹ́ kí n lè lọ sílé. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ní ìta. Aago méjì òru ni mo kan ilẹ̀kùn ọ̀rẹ́ mi yẹn, ẹni tí mo dìde sí lójú gbogbo èèyàn. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wò mí bó ṣe wò mí lọ́jọ́ àga. Ó wá bi mí pé ṣé mo ti jẹun.

Ìlẹ̀kùn tèmi náà kò ní àgádágodo sí ọ. Aago yòówù kó jẹ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ