Ebi kì í ṣe ohun ìní

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan lórí èdè wa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló mú mi gbé bírò. Nínú àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́, akọ̀ròyìn yín sọ pé àwọn ọmọ náà "ní ebi fún àṣeyọrí". Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ ọ́, nítorí náà n kò lè sọ pé àṣìtẹ̀ ni. Mo ti ń gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò pẹ̀lú, ó sì ń dùn mí.

Yorùbá kì í ní ebi. Ebi ló ń pa wá. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo sọ fún ìyá mi lọ́jọ́ kan pé, "Mo ní ebi." Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "O ní i? Níbo lo gbé e sí?" Wọn kò bu oúnjẹ fún mi títí mo fi sọ ọ́ bó ṣe yẹ kí n sọ ọ́. Ọjọ́ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ bá mi wo "pa" yẹn dáadáa. Àwọn kan máa ń rò pé ikú là ń wí, pé àsọdùn ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òjò ń pa wá, a kì í tìtorí rẹ̀ kú. Oòrùn ń pa àgbẹ̀, ọtí ń pa ọ̀mùtí, ẹ̀rín ń pa ẹni tó gbọ́ àwàdà. "Pa" yìí ni ti ohun tó bo èèyàn mọ́lẹ̀, tí apá ẹni kò ká. Ẹni tí òjò pa kọ́ ló rọ òjò.

Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń sọ ọ̀pọ̀ ohun tó ń ṣe ara àti ọkàn. Òùngbẹ ń gbẹ mí, oorun ń kùn mí, òtútù ń mú mi, ẹ̀rù ń bà mí, ojú ń tì mí, àárò ọmọ mi ń sọ mí. Nínú gbogbo wọn, nǹkan náà ló ń ṣiṣẹ́, èmi ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lára. Kódà nígbà tí a bá rí ohun tó dára lójú wa, a ó ní ó wù wá. Ohun náà ló ń wuni.

Ìgbà tí a bá dé orí "fẹ́" ni ọ̀rọ̀ yí padà. Mo fẹ́: èmi ni mo ṣe é, ọwọ́ mi ló wà. "Fẹ́" kan náà la fi ń fẹ́ nǹkan, òun la fi ń fẹ́ràn ọmọ, òun la fi ń fẹ́ ìyàwó. Ìfẹ́ ti inú rẹ̀ jáde. Nígbà tí fífẹ́ bá sì kọjá ààlà, ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ náà ti ibẹ̀ jáde. Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí, Olóòtú. A lè bá onífẹ̀ẹ́kúfẹ̀ẹ́ wí. A lè pe èèyàn ní ọ̀kánjúwà (kánjú ṣì ń dún ketekete nínú orúkọ yẹn), a lè ní ojúkòkòrò ń da lágbájá láàmú, àwọn àgbà sì ní olè àti ọ̀kánjúwà, ọgbọọgba ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló ń bá ẹni tí ebi ń pa wí nítorí pé ebi ń pa á? Ọmọ tó ní òun fẹ́ ẹran sí i ń tọrọ ni, a sì lè ní kó lọ fọwọ́. Ọmọ tó ní ebi ń pa òun, ẹni tó gbọ́ gbọ́dọ̀ dìde.

Òwe wa pàápàá mọ ìyàtọ̀ yìí. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ẹni tó ní ebi ń pa òun, ọlọ́ṣẹ ń kiri. Nígbà tí òun kò tíì wẹ inú, báwo lòun ó ṣe wẹ òde? Ọṣẹ dára, ó lè wù ú lọ́jọ́ mìíràn. Lónìí, àyè kò sí fún un.

N kò sọ pé ebi kò lè kúrò nídìí oúnjẹ o. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì, èyí tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884, wọ́n bá ọ̀ràn yìí pàdé nínú ìwàásù orí òkè, níbi tí Jésù ti súre fún àwọn tó ń wá òdodo. Ohun tí wọ́n kọ ni pé ebi ń pa wọ́n, òùngbẹ sì ń gbẹ wọ́n "sípa òdodo". Crowther ti tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde láti 1843, èdè abínibí rẹ̀ sì ni. Wọ́n gbé ebi kúrò nídìí oúnjẹ, ṣùgbọ́n wọn kò gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣì ń pa èèyàn.

Tí akọ̀ròyìn yín bá ń wá ọ̀rọ̀ tó gbóná, òùngbẹ wà níbẹ̀. "Gbẹ" wà nínú orúkọ rẹ̀, òun náà ló sì ń gbẹ ẹni. "Yán hànhàn" tún wà. "Yán" yẹn là ń wí nígbà tí ẹnu ẹni bá ń là gbàgà fún oorun tàbí ebi. Ẹni tó ń yán hànhàn fún nǹkan, gbogbo ara rẹ̀ ló lanu sílẹ̀ dè é. Kí la tún ń wá lọ?

Àwọn Ígbò tó múlé tì wá ní agụụ, tí wọ́n ń lò fún ebi, tí wọ́n sì tún ń lò fún ìfẹ́ líle sí nǹkan. Àwọn náà ní agụụ ló ń gụ àwọn. Ní ti Hausa, wọ́n ń gbọ́ ebi ni: "ji" tí wọ́n fi ń gbọ́ ohùn ni wọ́n fi ń gbọ́ yunwa. Oníkálukú ló ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí tiwa náà dúró.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀ àti sábẹ́ rẹ̀. Ebi, ẹbí àti ẹ̀bi kì í ṣe ọmọ ìyá, bẹ́ẹ̀ ni ìyàn tó ń mú ìlú kì í ṣe iyán inú odó tàbí iyàn tí à ń jà.

Ohun kan ló kù. Nínú àpilẹ̀kọ yẹn kan náà, ọ̀kan lára àwọn ọmọ náà sọ pé òun kì í fẹnu kan nǹkan títí ilẹ̀ fi máa ń ṣú, nítorí pé owó ọkọ̀ ló ń gbé gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ òun. Abẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni akọ̀ròyìn yín kọ "ebi fún àṣeyọrí" sí, ó sì kọjá lọ. Àṣeyọrí ń wu ọmọ yẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ebi ló ń pa á, n kò sì rí ẹnikẹ́ni nínú ìròyìn náà tó bi í bóyá ó ti jẹun.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti ọjọ́ pípẹ́