Ẹ jẹ́ ká sọ ti gbèsè Haiti náà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo ka ohun tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa àwọn jàǹdùkú Port-au-Prince, olú-ìlú Haiti. Gbólóhùn kan há mi lọ́fun níbẹ̀: pé láti 1804 tí Haiti ti gba òmìnira, wọn ò fi ṣe nǹkan kan.

Brooklyn ni mò ń gbé. Ìyá ọmọ Haiti kan ló wà lókè tiwa. Bí ọdún tuntun bá ti mọ́, wọ́n á gbé abọ́ ọbẹ̀ elégédé sọ̀kalẹ̀ fún wa, soup joumou lorúkọ ẹ̀. Ó pupa rúsúrúsú; ẹran màlúù, kábéèjì, àní makaróní pàápàá wà nínú ẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, ìyàwó mi fẹ́ gbé e sí fíríìjì. Màmá ní ká má dán an wò, òní la ń jẹ ẹ́. Wọ́n ní àwọn ẹrú ló ń sè é fún àwọn òyìnbó Faransé, èèwọ̀ ni kí wọ́n fi kan ẹnu. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1804 tí Dessalines, ọ̀gágun wọn, kéde òmìnira ní ìlú Gonaïves, ó di ọbẹ̀ gbogbo ayé. (Ògún wa náà ń bẹ lọ́dọ̀ wọn o. Ogou ni wọ́n ń pè é, tòun ti aṣọ pupa àti àdá.)

Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1825? Charles X, ọba Faransé, kó ọkọ̀ ogun wá sétíkun wọn pé kí wọ́n san 150 mílíọ̀nù fráǹkì fáwọn tó ni oko àti ẹrú tẹ́lẹ̀. Ẹrú tó fi ẹ̀jẹ̀ gba ara ẹ̀ ló tún ń san owó orí ara ẹ̀ fún olówó ẹ̀! Wọ́n lọ yá 30 mílíọ̀nù ní Paris. Báńkì yọ mílíọ̀nù 6 nínú ẹ̀ kó tó kúrò nílẹ̀. Ní 1838 Faransé dín gbogbo 150 yẹn kù sí 90 mílíọ̀nù, àmọ́ gbèsè ti wọ inú gbèsè. Ó di 1947 kí wọ́n tó bọ́ lọ́rùn wọn. Odindi orílẹ̀-èdè ló ṣe ìwọ̀fà.

Mi ò ní àwọn aṣáájú wọn ò jẹ̀bi. Ohun tí àwọn Duvalier, bàbá àtọmọ tó ṣe ààrẹ wọn, kó jẹ ò kéré. Àmọ́ bí ẹ bá tún kọ 1804, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ 1825 tì í.

Màmá bi mí bóyá ìwé ìròyìn ilé wa máa ń sọ̀rọ̀ nípa wọn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò túmọ̀ èyí tí ẹ kọ fún wọn.

Ọmọ Ìbàdàn kan,
Brooklyn, New York