Lẹ́tà sí Dúpẹ́ lẹ́yìn ìrìn àjò etí òkun

Òkè-Àró, Àkúrẹ́
Ọjọ́ 14, oṣù Ṣẹẹrẹ

Dúpẹ́ mi àtàtà,

O kú ọdún, o kú ìyèdún. Àṣèyí ṣàmọ́dún o. Bàbá Kẹ́mi ńkọ́? Orúnkún wọn ńkọ́? Ṣé òtútù ọ̀hún ò ti pa yín báyìí?

Mo mọ̀ pé wàá ti máa rò ó pé kí ló dé tí n ò pè ọ́ láti ọjọ́ ọdún. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi kò ṣeé sọ lórí fóònù, torí fóònù mi kì í dúró lọ́wọ́ mi: bí Tósìn bá gbé e sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ á gbé e. Ìyàwó àbúrò mi tó ń padà sí Leeds ló ń mú ìwé yìí bọ̀. Jọ̀wọ́, ìwọ nìkan ni kí o kà á.

Àwọn ọmọ gbé mi lọ sí etí òkun lóòótọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Bísí, Fẹ́mi àti Tósìn. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti lọ, àfi ìgbà ìsìnkú nìkan ni gbogbo wa jọ sùn sábẹ́ òrùlé kan náà. Fẹ́mi ló dá a lábàá. Ó ní òun fẹ́ kí n rí òkun láti Èkó títí dé Gánà kí ẹsẹ̀ mi tó kọ̀. Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ gun Òkè Ìdànrè ná, ká wo ẹsẹ̀ ẹni tó máa kọ̀!

A gba Oǹdó já sí Ọ̀rẹ̀, a sùn lọ́dọ̀ Bísí ní Èkó, ìdájí ọjọ́ kejì la kọjú sí Àgbádárìgì. N ò ní fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà yẹn ba ìwé mi jẹ́. A tò ní Sẹ̀mẹ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, wọ́n wo páásípọ́ọ̀tù, wọ́n wo káàdì abẹ́rẹ́, ó tán, a bọ́ sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀.

Kútọnu mọ́, Dúpẹ́. Àwọn ọlọ́kadà wọn wọ ẹ̀wù yẹ́lò. Wọ́n gbé ère obìnrin ajagun Dàhọ̀mì kan kalẹ̀ níbẹ̀ ní 2022, mítà 30 ni gíga rẹ̀, kò sí ibi tí èèyàn dúró sí nítòsí ibẹ̀ tí kò ní rí i. Tósìn kọ̀, kò ya fọ́tò lábẹ́ rẹ̀. Ó ní ọmọ Ẹ̀gbá ni ọkọ òun, àwọn obìnrin yìí ló sì wá gbógun ti Abẹ́òkúta ní 1851. A rẹ́rìn-ín títí. Ọjọ́ kejì la wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ganvié, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí òpó láàárín ọ̀sà. Bí mo ṣe ń wo àwọn ọmọdé tó ń tu ọkọ̀ kiri, Ayétòrò ilẹ̀ Ìlàjẹ ló wá sí mi lọ́kàn, afárá pákó yẹn, àti ìwọ pẹ̀lú bàtà onígìgísẹ̀ rẹ. Ṣé o mọ̀ pé òkun ti gbé ilé tí a sùn sí lọ? Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣèlérí ìdènà omi fún wọn. Ní etí òkun Tógò, mo fojú mi rí òkúta ńláńlá tí wọ́n tò wọnú òkun kó má baà jẹ ilẹ̀ mọ́. Ó dùn mí. Ọmọ Ìlàjẹ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Wida la tún yà sí ní Bẹ̀nẹ̀. Ilé àwọn òjòlá kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà níbẹ̀, wọn kò sì bá ara wọn jà. A rìn dé Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ létí òkun, èyí tí wọ́n ṣí ní 1995 fún ìrántí àwọn ẹrú tí wọ́n kó gba ibẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé Fẹ́mi kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo rò pé ìtàn ibẹ̀ ló wọ̀ ọ́ lára.

Lómé ni mo fẹ́ràn jù. Òpópónà ńlá wọn ń bá òkun lọ ni, bí o bá sọdá títì, iyanrìn lo tẹ̀ yẹn. Ètè mi tí ọyẹ́ ti là láti Àkúrẹ́ san níbẹ̀. Oòrùn ń ràn, atẹ́gùn ń fẹ́, wọ́n ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ṣùgbọ́n Fẹ́mi kò wọ omi. Ọmọ tó jẹ́ pé odò Àlà la ti máa ń lọ fà á jáde pẹ̀lú pàṣán! Ó jókòó, ó ń wo fóònù, ó ń dojú rẹ̀ délẹ̀, ó tún ń gbé e. Mo bi í, ó ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Mo ní ṣé iṣẹ́ kì í sinmi nílùú òyìnbó ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó sì pe ẹlẹ́ja pé kó tún gbé òmíràn wá fún mi. Òun ló ń san gbogbo owó. Sẹ́fà ni o, sídì ni o. Bí Bísí bá ti ki ọwọ́ bọ àpò, á ní kó fi sílẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tí a máa kúrò níbẹ̀ ni Bísí wọ yàrá mi, ó ti ilẹ̀kùn. Dúpẹ́, ó ní iṣẹ́ Fẹ́mi ti bọ́.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó gbà á síṣẹ́, ìjọba ti gba ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń gba àjèjì lọ́wọ́ wọn. Ìwọ tó wà níbẹ̀ mọ ohun tí èyí jẹ́ jù mí lọ. Bísí ní bí lẹ́tà Home Office bá ti dé, ọjọ́ 60 ni wọ́n máa fún un láti rí ilé iṣẹ́ mìíràn tó ní ìwé àṣẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó di ẹrù rẹ̀. Ó ti sanwó hòtẹ́ẹ̀lì àti ọkọ̀ kó tó gbọ́, ó wá ní òun ò ní jẹ́ kí ohunkóhun ba ìrìn àjò màmá òun jẹ́. Ó fi Ọlọ́run bẹ Bísí pé n ò gbọdọ̀ gbọ́.

N ò mọ bí mo ṣe jẹun àárọ̀ yẹn. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń ka owó fún wọn, ó ń ṣe mí bíi kí n pariwo pé Olúfẹ́mi, fi sílẹ̀, mo ní owó ìfẹ̀yìntì. Mo gbé e mì. Ayọ̀ tó fẹ́ fún mi nìyẹn, bí mo bá ní mo ti mọ̀, mo ti já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dìde, mo ní kó wá mú mi wọ omi. A di ara wa lọ́wọ́ mú, ìgbì lù wá dé orúnkún, mo pariwo, òun náà pariwo, ó sì rẹ́rìn-ín dénú. Láti ìgbà tó ti dé, ẹ̀rín yẹn nìkan ni mo rí tó jọ ti Fẹ́mi tí a mọ̀.

Jẹ́ kí n sọ ti Bàbá kí n tó gbàgbé. Ní Àkrà, mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sí New Town, èyí tí wọ́n ń pè ní Lagos Town láyé àwọn Bàbá. N ò rí ilé tí Bàbá gbé níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan tó ń ta kẹ́ńkẹ́ gbọ́ tí mò ń bá Tósìn wí, ó sì dá mi lóhùn ní Yorùbá! Ní 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní kí gbogbo àlejò tí kò níwèé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní ìyá òun fi òun sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹbí bàbá òun tó jẹ́ ọmọ Gà. Kò rí ìyá náà mọ́. Mo rántí àpótí onírin Bàbá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tí wọn kì í jẹ́ ká fọwọ́ kàn, omi sì bọ́ lójú mi láàárín ọjà. Mo ti ya fọ́tò àdúgbò náà fún ọ, Tósìn máa fi ránṣẹ́.

A dé Elmina pẹ̀lú. 1482 ni àwọn Potogí kọ́ ilé odi yẹn. Àwọn ọmọ wọlé lọ wo ibi tí wọ́n ń kó àwọn obìnrin tí wọ́n mú lẹ́rú sí, èmi dúró níta.

Nílé níbí: a ti sin Ìyá Ìṣìkàn, ọmọ Ṣadé ti bí ọkùnrin, ata ti gbówó lórí, iná ò sí.

Fẹ́mi ti padà sí Manchester. Dúpẹ́, ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ nìyí. Mo fi ẹ̀gúsí àti ìrù gbígbẹ tìrẹ sínú àpótí rẹ̀, kí o lè rí ohun tí wàá torí ẹ̀ pè é. Ní kó gbé e wá lọ́jọ́ Ìsinmi. Gún iyán fún un, iyán gidi bí o bá rí iṣu. Ọmọ Àkúrẹ́ ni, bí o bá ro sẹmó síwájú rẹ̀, ọ̀wọ̀ rẹ ló máa fi jẹ ẹ́. Jẹ́ kó jẹun tán, kí o wá bi í ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Kò lè purọ́ fún ọ. Ẹ̀yìn rẹ ló wà títí tó fi fẹsẹ̀ rìn. Má ṣe sọ pé èmi ni mo rán ọ.

Lẹ́yìn náà, ìwọ tí o ti ń ṣe nọ́ọ̀sì láti ọjọ́ yìí wá, bá mi béèrè ilé ìtọ́jú tó ní ìwé àṣẹ gidi, tí wọ́n sì ń hùwà ọmọlúàbí sí òṣìṣẹ́. Kìlọ̀ fún un kó má san kọ́bọ̀ fún ẹni tó bá ní òun máa bá a wá ìwé, Bísí ní àwọn oníjìbìtì tó ń ta irú rẹ̀ pọ̀. Bó bá wá jẹ́ pé ilé ló máa padà sí, kó padà, mo ti fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Kó má ṣáà jẹ́ pé òun nìkan ló ń dá a rù nínú òtútù yẹn.

Bí o bá ti rí i, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé "ẹ̀gúsí ti dé." Tósìn ò ní fura. Bí ara rẹ̀ bá le, kọ ọ́ pé ẹ̀gúsí náà dára. Bí kò bá le, pè mí ní alẹ́ lẹ́yìn aago mẹ́wàá, màá rí i pé fóònù wà lọ́wọ́ mi.

Bá mi kí Bàbá Kẹ́mi.

Èmi ni,
Rónkẹ́ rẹ