Tàwà, ìdáhùn ọ̀rọ̀ tí o bi mí rèé

Tàwà ọ̀rẹ́ mi,

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ dá ẹ lóhùn, ìdánwò ni ò jẹ́. Báwo ni Libreville, báwo làwọn ọmọ? Àwa náà ń bẹ ní Àjàṣẹ́, Porto-Novo níbí, a dúpẹ́. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé àbúrò ẹ fẹ́ wá kọ́ṣẹ́ àsìstánì sósíà bíi tèmi, ìyẹn iṣẹ́ ríran àwọn tó wà nínú ìṣòro lọ́wọ́, o wá ń bi mí pé ṣé àwa tí à ń kọ́ iṣẹ́ yìí tiẹ̀ fẹ́ bá tálákà ṣe ni, torí èyí tí màmá ẹ bá pàdé lọ́jọ́sí, ńṣe ló fajú ro bíi pé wọ́n jẹ ẹ́ lówó. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ òótọ́ lo sọ.

Nígbà tí a kọ́kọ́ wọlé, kò sẹ́ni tí ò sọ pé torí kóun lè ran èèyàn lọ́wọ́ lòun ṣe wá. Ní báyìí tí a ti fẹ́ parí, bi wọ́n wò: eléyìí ń wá ONG, àwọn ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ tí kì í ṣe ti ìjọba, èyí tó ní mọ́tò ńlá, tọ̀hún fẹ́ jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba ní Kútọnu, òmíràn ní ìjà tọkọtaya lòun fẹ́ máa bá wọn parí, àwọn tọkọtaya tó lówó lọ́wọ́ ṣá o.

Olùkọ́ wa kan bi wá ní kíláàsì pé kí ló ń sọ èèyàn di tálákà. Ariwo sọ! Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni wọ́n, wọ́n sì ń bímọ jù, àwọn kan ní bí orí kálukú ṣe yàn án ni, àwa yòókù ní kò sílẹ̀, kò síṣẹ́, gbogbo nǹkan ti wọ́n. Olùkọ́ wá sọ fún wa pé ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Joe Feagin ti bi àwọn ará Amẹ́ríkà ní irú ìbéèrè yìí ní 1969, ọ̀nà mẹ́ta yìí náà ni ìdáhùn wọn pín sí, tálákà fúnra ẹ̀ lọ̀pọ̀ nínú wọn sì dẹ́bi fún.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹni tí ẹnu ẹ̀ le jù nínú wa kì í ṣe ọmọ olówó. Àkàrà ni ìyá ẹ̀ dín ní ọjà Wàńdó títí ó fi jáde ìwé, òun ló wá ń sọ pé ìyá òun ṣe é, kí ló dé táwọn tó kù ò lè ṣe é. Ọmọ olówó kan sì wà, bàbá ẹ̀ ń kó mọ́tò wọlé láti Kútọnu, kò sí àdúgbò tí ò lè wọ̀, àmọ́ ìyẹn náà mọ̀ pé bó bá rẹ òun, ilé bàbá òun ò jìnnà. Ìyẹn ni pé kéèyàn ti jìyà rí ò sọ pé á fẹ́ràn ẹni tó ń jìyà, èyí tó ń sá fún un gan-an pọ̀.

Tèmi ni pé sítáàjì, ìyẹn ibi tí wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ láti fojú ara ẹ̀ rí iṣẹ́, ló ń sọ bóyá èèyàn á fẹ́ bá tálákà ṣe, Tàwà. Níbi tí wọ́n bá rán ẹ lọ, àti ẹni tí wọ́n bá fi ẹ́ sí lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan, wọ́n kàn gbé e sídìí tábìlì kan ni, kó máa gba ìwé. Ìyá kan gbọ́mọ wá, ara ọmọ ń gbóná, orúkọ ẹ̀ ò sí nínú àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé tálákà paraku ni wọ́n, ARCH, ètò ìrànwọ́ ìlera tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 2019, ò sì lè sanwó ilé ìwòsàn fẹ́ni tí ò sí nínú ìwé. Kí ló máa fún un? Ó ní nígbà tó yá, tóun bá ti rí wọn lẹ́nu ọ̀nà, inú á máa bí òun sí wọn. Ojú ló ń tì í jàre, ẹni tí ò rí nǹkan fúnni, tó bá yá á bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra ẹni tó ń tọrọ.

Èmi ní tèmi rí ọ̀gá gidi. Obìnrin náà gbọ́ Ègùn dáadáa, ọkọ̀ ojú omi la jọ ń wọ̀ lọ sí Aguégués, àwọn abúlé tó wà láàárín omi, lásìkò tí odò Ouémé ti kún wọlé wọn. Kì í ṣí fáìlì o, orí ẹní ló máa jókòó sí, á béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹja. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìyá kan tí omi gbé adìẹ ẹ̀ lọ, tó ṣì ń dá àjọ, tó mọ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó àti ẹni tóun jẹ lówó títí dórí fránkì márùn-ún. Látìgbà yẹn, tẹ́nikẹ́ni bá pe ọ̀lẹ níwájú mi, mo máa ń bínú.

Owó náà ńkọ́? Owó wà ńbẹ̀, kí n má purọ́. Bọ̀dá mi àgbà ní ṣé torí kí n lè bá alágbe jókòó làwọn ṣe rán mi níwèé. Wọ́n kọ́ wa nípa Jane Addams, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí, tó kó lọ sáàárín àwọn òtòṣì ní Chicago ní 1889, ó dáa gan, àmọ́ bàbá ẹ̀ fi ogún sílẹ̀ fún un! Ẹni tó ní àbúrò mẹ́rin láti rán níwèé, tí kọ̀ńtíráàtì ẹ̀ ò ju ọdún kan lọ, tó bá lọ wáṣẹ́ síbòmíì mi ò lè bú u.

Torí náà sọ fún àbúrò ẹ, kó tó sanwó ilé ìwé kankan, kó béèrè ibi tí wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ fún sítáàjì, àti pé ṣé ẹnì kan máa ń bá wọn lọ. Tí wọn ò bá dá a lóhùn tààrà, kó wá ibòmíì.

Owó tí o ní kí n fún màmá ti dọ́wọ́ wọn o, wọ́n ní kí o pe àwọn lálẹ́ Sátidé, torí fóònù wọn kì í sí nítòsí tí wọ́n bá wà lọ́jà.

Èmi ni,
Ráfíátù