Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi ní Kétu: kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe yín

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Táyé,

Ẹ kú ojúmọ́ o. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọwọ́ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ó ní "ó ń lọ díẹ̀díẹ̀", torí bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń dá gbogbo èèyàn lóhùn. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò lè sọ lórí fóònù, nítorí ẹ ó gé e kúrú, ẹ ó ní ó ti kọjá. Kò tíì kọjá lọ́dọ̀ mi.

Ẹ rántí àárọ̀ ọjọ́ tí mo wá sílé fún ìrántí Bàbá. Ẹ jókòó sẹ́yìnkùlé, ẹ ti rẹ aṣọ sínú omi ọṣẹ. Ẹ fa ìró kan yọ, ẹ fẹ́ fún un, ìka yín ò ká. Ẹ wá fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ, omi ń ṣàn sí yín láyà, ẹ sì kàn jókòó bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù zémì, mo gbàgbé pé ẹ̀yin lẹ pọ̀n mí dàgbà. Mo ní: "Oòrùn ti kanrí, ẹ ò tíì fọ aṣọ kan! Ọ̀lẹ yìí mà ti pọ̀ jù." Ẹ ò dá mi lóhùn. Ẹ dá ìró náà padà sínú omi, ẹ wọlé, ẹ kọjú sí ògiri.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ yín ti gba ọwọ́ mi kọjá. Dókítà tó ń wo làkúrègbé yín ló ní kí ẹ ṣe CRP, ilé àyẹ̀wò wa níbí lẹ sì ti wá ṣe é. Èmi ni mo kọ èsì rẹ̀: 38. Kò yẹ kó ju 5 lọ. Ẹ̀dọ̀ ló máa ń da CRP sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ-ogun ara bá ń jà. Mo kọ 38, mo lu òǹtẹ̀, mo wá gba Ṣakétẹ́ àti Pobè kọjá lọ pè yín ní ọ̀lẹ.

Ibà ló là mí lójú. Nígbà òjò tó kọjá, ó dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ohùn àwọn ọmọ ń bí mi nínú, ọbẹ̀ ò ládùn, mo kọjú sí ògiri bíi tiyín, mò ń sunkún láìmọ ohun tí mò ń sunkún sí. Nígbà tí ibà náà lọ, ẹkún bá a lọ. Kò sẹ́ni tó pè mí ní ọ̀lẹ, torí gbogbo wa la mọ ibà. Ìyẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé.

Nígbà tí àìsàn bá wọlé, àwọn ọmọ-ogun ara máa ń ránṣẹ́ síra wọn. Ohun tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní sitokíìnì. Ìròyìn náà ń dé ọpọlọ pẹ̀lú, ọpọlọ á sì pàṣẹ: dùbúlẹ̀, má wá oúnjẹ, má wá èèyàn, fi agbára pamọ́ fún ogun. Fún ọjọ́ mẹ́ta, àṣẹ tó dáa ni. Ṣùgbọ́n nínú irú làkúrègbé tó ń ṣe yín, àwọn ọmọ-ogun náà ti ṣi ilé yà. Oríkèé yín gan-an ni wọ́n ń bá jà, tọ̀sán tòru, àṣẹ yẹn ò sì dáwọ́ dúró.

Àwọn dókítà ti rí irú rẹ̀ lára àwọn tó ní àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis C. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, interferon ni wọ́n fi ń tọ́jú wọn, bẹ́ẹ̀ ohun tí ara fúnra rẹ̀ fi ń ta àwọn ọmọ-ogun lólobó ni. Láàárín oṣù díẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́rẹ́ náà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin bọ́ sínú ìrẹ̀wẹ̀sì gidi. Ọ̀fọ̀ ò ṣẹ̀ wọ́n. Abẹ́rẹ́ ni. Ní Denmark, wọ́n yẹ ìwé ìlera èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta wò, èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2013: ẹni tí ọmọ-ogun ara rẹ̀ ti dojú ìjà kọ ọ́ rí, ewu pé àìsàn tó ń da ọkàn rú, irú bí ìrẹ̀wẹ̀sì, á mú un fi ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹlòmíì lọ.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ ló ti ibẹ̀ wá. Ikú Bàbá wà níbẹ̀. Ọjà tí kò tà mọ́ wà níbẹ̀. Ẹnu tèmi náà wà níbẹ̀. Lọ́dún 2013 kan náà, èsì ìwádìí kan jáde láti Atlanta l'Amẹ́ríkà: wọ́n fún àwọn kan lára èèyàn 60 tí oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ò ràn ní infliximab, oògùn tó ń pẹ̀tù sí irú ogun yìí, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní omi lásán. Lápapọ̀, oògùn náà ò sàn ju omi lọ. Àwọn tí CRP wọn ju 5 lọ nìkan ló dà bíi pé ó ṣe láǹfààní. Mo ka nọ́ńbà yẹn, mo pa ìwé náà dé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí èyí ra oògùn lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri ọjà. Èyí tí wọ́n máa ń fún yín tí ọwọ́ á fi fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì yẹn, ó lè jẹ́ corticoïde, oògùn líle tó ń pa ogun ara rọlẹ̀. Ó ń gba oorun lójú èèyàn, òun fúnra rẹ̀ sì lè da ọkàn rú.

Ọwọ́ nìkan lẹ máa ń sọ fún dókítà. Ẹ̀rù ń bà yín pé tí ẹ bá dárúkọ ẹkún, wọn á ní wèrè ti ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Tí ó bá gba pé ká lọ sí Saint Camille, ilé ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ ní Avrankou, nítòsí wa níbí, èmi àti yín la jọ ń lọ. Grégoire Ahongbonon tó dá a sílẹ̀, àwọn tí wọ́n so mọ́ igi nítorí àìsàn ọpọlọ ló ń tú sílẹ̀.

Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Kí n tó dé, ẹ jẹ́ kí Táyé máa bá yín kọ ọ́ sílẹ̀ láràárọ̀, bó ṣe pẹ́ tó kí ìka yín tó ká, àti bí ọkàn yín ṣe rí lásìkò náà. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ sọ méjèèjì fún dókítà. Èmi á jókòó tì yín, mi ò ní gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín.

Ẹ dákun, ẹ dárí jì mí. Aṣọ tó bá dọ̀tí, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ kó o jọ dè mí.

Àbúrò yín, ní Àjàṣẹ́