Ọ̀wọ̀ Tí A Fi Kọ́ Ọmọ àti Máàkì Kíláàsì ní Jámánì

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ takuntakun tí ẹ ń ṣe láti máa mú ìròyìn dé ọ̀dọ̀ àwa tí a wà lẹ́yìn odi ní èdè wa. Ohun tí ó mú mi kọ̀wé ni èrò kan tí àwọn òǹkàwé máa ń sọ lemọ́lemọ́, pé ọmọ Yorùbá tí wọ́n bá tọ́ ní Yúróòpù kò ní mọ àgbà lágbà. Èmi àti ọkọ mi ń gbé ní North Rhine-Westphalia ní Jámánì, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ wa ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ohun tí ojú wa rí yàtọ̀ sí èyí, nítorí ẹ̀kọ́ ilé tí a fi kọ́ wọn, tí wọ́n sì gbà tọwọ́tẹsẹ̀, ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n lára ní kíláàsì.

Ní Jámánì, olùkọ́ kì í fi ìdánwò orí ìwé nìkan gbé máàkì kalẹ̀. Bí ọmọ ṣe ń nawọ́ sókè, bí ó ṣe ń dá sí ọ̀rọ̀, bí ó ṣe ń béèrè ìdí tí nǹkan fi rí bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kà mọ́ èsì rẹ̀, ipa tí ó sì ń kó níbẹ̀ kò kéré rárá. Ọmọ tí a ti kọ́ pé kí ó panu mọ́ bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, kí ó má ranjú mọ́ ẹni tó jù ú lọ, kí ó sì dúró títí wọn yóò fi bi í, yóò jókòó jẹ́jẹ́ sí àyè rẹ̀, ẹ̀kọ́ yóò yé e yékéyéké, olùkọ́ yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kì í dá sí ẹ̀kọ́. Bí ọ̀rọ̀ àkọ́bí wa ṣe rí gan-an nìyẹn. Ó ya olùkọ́ rẹ̀ lẹ́nu pé ọmọ tí kì í lanu ń ṣe dáadáa tó bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò, a sì ní láti ṣàlàyé fún un pé bí ó ṣe ń wolẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń bá a sọ̀rọ̀, ọ̀wọ̀ ni, kò sí ohun tí ó ń fi pamọ́. Inú mi dùn pé olùkọ́ náà tẹ́tí sí wa.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára nítorí pé àkókò tí ọmọ ní kò pọ̀. Ọmọ ọdún 6 ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọdún 4 péré ni wọ́n sì ń lò níbẹ̀ ní èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìpínlẹ̀ 16 tó wà ní Jámánì. Ní Berlin àti Brandenburg, ọdún 6 ni. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò pín wọn: àwọn kan yóò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n ń pè ní Gymnasium, níbi tí wọ́n ti ń múra sílẹ̀ fún Abitur, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì, àwọn mìíràn yóò lọ sí oríṣi ilé ẹ̀kọ́ girama mìíràn, bíi Realschule, Hauptschule tàbí Gesamtschule. Ní ìpínlẹ̀ tiwa, olùkọ́ ń gbani nímọ̀ràn, òbí ni ó sì ń pinnu. Ní Bavaria, àròpín máàkì ọmọ nínú èdè Jámánì, ìṣirò àti ẹ̀kọ́ nípa àyíká kò gbọdọ̀ kọjá 2.33 kí ó tó lè wọ Gymnasium tààrà. (Kí ẹ̀yin tí ẹ wà nílé má baà ṣì í gbọ́, 1 ni máàkì tó dára jù lọ níbẹ̀, 6 ni ó sì burú jù.) Ọmọ tí kò lọ sí Gymnasium kò ṣègbé o. Ó lè kọ́ṣẹ́ ọwọ́ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tí yóò máa san owó fún un lóṣooṣù, ó sì lè padà wá ṣe Abitur. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọmọ pàdánù àyè rẹ̀ nítorí pé ó bọ̀wọ̀ fún olùkọ́.

Àwa òbí náà ní tiwa níbẹ̀. Nílé, bí ilé ẹ̀kọ́ bá ránṣẹ́ pe òbí, ẹjọ́ ni a máa ń retí, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fi í yọjú sí ìpàdé alẹ́ tí wọ́n ń pè ní Elternabend. Iṣẹ́ alẹ́ ń dá àwọn mìíràn dúró, èdè sì ń ba àwọn kan lẹ́rù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yan aṣojú òbí, ibẹ̀ náà ni a ti ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ ní máàkì. Nílé tiwa, a ti gba àwọn ọmọ láyè láti máa bi bàbá wọn ní ìdí ọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ alẹ́, kódà kí wọ́n sọ pé àwọn kò gbà. Ìkúnlẹ̀ kí àgbà ní òwúrọ̀ kò yí padà, wọ́n sì mọ èyí tó yẹ níbi kọ̀ọ̀kan.

Mo bẹ àwọn òbí wa tó wà nílé pé bí ọmọ bá béèrè "kí ló dé?" lórí fóònù, kí wọ́n dá a lóhùn, kí wọ́n má pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Mo sì ń bẹ ẹ̀yin náà, Olóòtú, kí ẹ jọ̀wọ́ tẹ lẹ́tà yìí jáde kí ọdún tuntun tó wọlé, nítorí pé ní nǹkan bí ìparí oṣù kìn-ín-ní ni àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní ìpínlẹ̀ wa máa ń gba ìwé ìmọ̀ràn olùkọ́ lórí irú ilé ẹ̀kọ́ girama tó yẹ wọ́n, pẹ̀lú èsì ìdajì ọdún, òbí tó bá sì fẹ́ bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú àkókò náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá ọlọ́mọ kan,
North Rhine-Westphalia, Jámánì